Orí Kẹrin: Atọ́ka Òdì Kì Í Ṣe Gbèsè

Ẹni tó bá pe 19 ní èdè Yorùbá ti ṣe ìṣirò kí ó tó pa ẹnu dé. Ọ̀kàndínlógún: ogún ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀, a wá yọ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀. Aárùndínláàádọ́ta náà ńkọ́? Àádọ́ta ni a fi ṣe òpó, kí a tó yọ márùn-ún. Bí àgbẹ̀ kan bá sọ pé ọ̀kàndínlógún iṣu ni òun kó dé láti oko, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ “dín” tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà kí ó rò pé bàbá náà jẹ gbèsè iṣu. Iṣu wà nílẹ̀, ó ṣeé kà. Ohun tí “dín” ń sọ ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ àti ìhà tí a kọjú sí: a dúró sórí ogún, a sì fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ kan. Irú iṣẹ́ tí àmì ìyọkúrò ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá kọ ọ́ sí èjìká nọ́ńbà nínú áljẹ́brà. Kò sọ pé nọ́ńbà náà ti wọ gbèsè. Ìhà tí a ó kọjú sí ló ń tọ́ka sí. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ibi kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹsẹ̀ kọ tí ìṣirò kò sì dùn mọ́ wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi orúkọ pe ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú 2³, 2 ni ìpìlẹ̀. 3 kékeré tó wà lókè lápá ọ̀tún ni atọ́ka, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní páwà. Ó ń sọ fún wa pé kí a kọ 2 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sì sọ wọ́n di púpọ̀: 2 × 2 × 2, èyí tó jẹ́ 8. Títí dé ibí yìí, ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Ìgbà tí atọ́ka bá di −3 ni wàhálà dé. Bi kíláàsì kan pé èló ni 2⁻³, ìdáhùn mẹ́ta ló sábà máa ń jáde: −6, −8 àti 1/8. Ẹni tó pe é ní −6 ti fi −3 sọ 2 di púpọ̀. Ẹni tó pe é ní −8 ṣe 2 × 2 × 2 rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ká àmì ìyọkúrò kúrò lókè, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìdáhùn. 1/8 ló tọ̀nà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn tó ṣì í kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi nọ́ńbà òdì hàn wọ́n, gbèsè ni a fi ṣe àpèjúwe: ẹni tó ní ₦500 tó sì jẹ ₦800, −300 ló kù sí i lọ́wọ́. Àpèjúwe náà dára ní àyè tirẹ̀, nítorí pé iye owó gan-an ni àmì náà ń bá wí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n atọ́ka kì í ṣe iye ohun tó wà lọ́wọ́. Iye ìgbà tí a ṣe iṣẹ́ kan ni. Bí àmì ìyọkúrò bá wá bá iye ìgbà, ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé: iṣẹ́ wo ni a fẹ́ tú palẹ̀?

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò nílò òfin kankan. Ojú nìkan ló nílò. Ẹ jẹ́ ká to àwọn ìlọ́po 2 sílẹ̀ bí àkàbà, kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan:

2⁴ = 16
2³ = 8
2² = 4
2¹ = 2
2⁰ = 1
2⁻¹ = 1/2
2⁻² = 1/4
2⁻³ = 1/8

Fi ọwọ́ bo ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ ná, kí o wo mẹ́rin òkè. Bí atọ́ka ṣe ń fi ọ̀kan dín, ìdajì ni nọ́ńbà apá ọ̀tún ń dà: 16 di 8, 8 di 4, 4 di 2. Kò sí ìgbà kan tí a yọ ohunkóhun kúrò. Pípín ni a ń pín in sí méjì ní gbogbo ìgbà. Wàyí o, gbé ọwọ́ kúrò. Bí àkàbà náà kò bá ní yí ìwà padà láàárín ọ̀nà, ìdajì 2 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé 2, ìyẹn 1. Ìdí nìyí tí 2⁰ fi jẹ́ 1, tí kì í ṣe òdo. Ìdajì 1 ni 1/2, ìdajì rẹ̀ ni 1/4, ìdajì ìyẹn náà sì ni 1/8. A ti dé 2⁻³ láìpe gbèsè sí ọ̀rọ̀ rárá. Kí o sì kíyè sí i pé bó ti wù kí a sọ̀ kalẹ̀ tó, a kò ní kan òdo láéláé, áḿbọ̀sì kí a wọ abẹ́ rẹ̀. 2⁻¹⁰ jẹ́ ìdá kan nínú 1,024. 2⁻²⁰ jẹ́ ìdá kan nínú 1,048,576. Ó kéré púpọ̀, àmọ́ ohun tó wà ni, kì í ṣe ohun tí a jẹ. Ẹni tó bá ń gé iṣu sí méjì, tó tún gé ìdajì náà sí méjì, yóò rí i pé ègé náà ń kéré sí i, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ọ̀bẹ yóò sọ iṣu di gbèsè.

Ẹ̀rí kejì wá láti inú òfin tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi 2² sọ 2³ di púpọ̀, àwọn atọ́ka ni a ó ro pọ̀: 2³ × 2² = 2⁵. Òótọ́ ni, nítorí pé 8 × 4 jẹ́ 32, 2⁵ náà sì jẹ́ 32. Jẹ́ kí òfin kan náà ṣiṣẹ́ lórí 2³ × 2⁻³. Bí a bá ro 3 àti −3 pọ̀, òdo ló kù, nítorí náà 2⁰ ni èsì, ìyẹn 1. Ìbéèrè wá di pé: nọ́ńbà wo ni a ó fi sọ 8 di púpọ̀ tí yóò fi di 1? Ọ̀kan ṣoṣo ló wà láyé, òun náà ni 1/8. Láti ọ̀nà pípín pẹ̀lú, ibẹ̀ náà ni a ó já sí. 2² ÷ 2⁵ jẹ́ 4/32, ìyẹn 1/8. Bí a bá sì yọ atọ́ka kúrò nínú atọ́ka, 2 − 5 fún wa ní −3. Àkàbà àti òfin kò jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí wọ́n tó dé ìdí kan náà. Nígbà tí ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ bá gbé ènìyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ó yẹ kí ó gbà pé ilé tó ń wá nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé òun lóye pé kí a fi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe fẹ́ ṣe é ní “ìgbà òdì mẹ́ta”? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn. Àlàyé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló kúrú. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀, 2¹ pàápàá yóò dà wá láàmú, nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò rí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣe ìsọdipúpọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún àlàyé náà ṣe díẹ̀: 1 ni a ó máa ti bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. 2³ túmọ̀ sí pé kí a mú 1, kí a fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 1 × 2 × 2 × 2. 2⁰ túmọ̀ sí pé kí a mú 1, kí a má ṣe é ní nǹkan kan. 2⁻³ túmọ̀ sí pé kí a mú 1, kí a tú iṣẹ́ náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 1 ÷ 2 ÷ 2 ÷ 2. Bí ogún ṣe jẹ́ òpó tí ọ̀kàndínlógún fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni 1 ṣe jẹ́ òpó tí gbogbo atọ́ka fẹ̀yìn tì. Ìyàtọ̀ kan ló wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò: nínú òǹkà Yorùbá, yíyọ ni ìṣísẹ̀ ẹ̀yìn, nínú atọ́ka, pípín ni. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé pípín ló ń tú ìsọdipúpọ̀.

Ẹlòmíràn lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ó tún sọ pé àdéhùn àwọn onímọ̀ lásán ni, pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n ì bá ti fi ẹnu kò pé −8 ni 2⁻³. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́: ènìyàn ló yan àmì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dán àdéhùn tirẹ̀ wò. Bí 2⁻³ bá jẹ́ −8, 2³ × 2⁻³ yóò jẹ́ −64, a jẹ́ pé −64 ni 2⁰. Lọ́nà kan náà, 2⁻² yóò jẹ́ −4, 2² × 2⁻² yóò sì jẹ́ −16, a jẹ́ pé −16 ni 2⁰. Nọ́ńbà kan kò lè jẹ́ −64 láàárọ̀ kí ó di −16 lálẹ́. Àdéhùn náà ti fọ́ yángá kí a tó lò ó dé ibì kankan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí òfin ìsọdipúpọ̀ dúró kò ní ohun mìíràn tí ó lè yàn ju 1/8 lọ.

Ìtàn náà jẹ́rìí sí i. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, al-Samaw'al, ọmọ Baghdad, to àwọn ìlọ́po nọ́ńbà sílẹ̀ sínú tábìlì kan tó ní 1 láàárín, ìlọ́po ní apá kan, ìdá ní apá kejì, ó sì fi hàn bí a ṣe ń rìn láti apá kan dé èkejì. Ní 1484, Nicolas Chuquet ní ilẹ̀ Faransé ti ń kọ atọ́ka òdì sínú ìwé rẹ̀. Ní 1544, Michael Stifel ní Jámánì tẹ ìwé kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Arithmetica Integra. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ −3, −2, −1, 0, 1, 2, 3 sí ìlà kan, tí ó sì kọ 1/8, 1/4, 1/2, 1, 2, 4, 8 sábẹ́ wọn. Àkàbà tí a tò lókè yìí gan-an ni. John Wallis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ ní 1656, nígbà tó sì di 1676, Isaac Newton ti ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Èdè wọn yàtọ̀, ìlú wọn jìnnà síra, àmì tí wọ́n fi kọ ọ́ kò bára mu, síbẹ̀ 1/8 kan náà ni gbogbo wọn bá níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi ẹnu lásán dá sílẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Àtakò kẹta ni pé bí 2⁻³ bá jẹ́ 1/8, kí ló dé tí a kò kúkú kọ 1/8 kí a sì sinmi? Fún nọ́ńbà kékeré bí èyí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ìwọ̀n ẹlẹ́kítírónì kan: 9.11 × 10⁻³¹ kìlógíráàmù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní kíkún yóò kọ òdo ọgbọ̀n lẹ́yìn ojú àmì kí ó tó kan 9, bí ó bá sì fo ọ̀kan péré, ó ti sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Wo inú ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan fẹ̀ tó mítà 7 × 10⁻⁶ sí 8 × 10⁻⁶. Kòkòrò HIV kan kò ju nǹkan bí mítà 10⁻⁷ lọ. Ẹni tó lóye atọ́ka yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà fi nǹkan bí àádọ́rin ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju kòkòrò náà lọ. Oògùn pàápàá kò yọ sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún níyànjú pé kí ó máa lo èròjà irin tó tó mílígíráàmù 30 sí 60 àti folic acid tó tó máíkírógíráàmù 400 lójoojúmọ́. Gíráàmù 10⁻³ ni mílígíráàmù kan, gíráàmù 10⁻⁶ ni máíkírógíráàmù kan. 10⁻³ ÷ 10⁻⁶ jẹ́ 10³, nítorí pé −3 − (−6) jẹ́ 3. Ẹni tó bá ka ọ̀kan fún èkejì ti ṣi ìwọ̀n oògùn ní ìlọ́po 1,000.

Ibi tí mo rò pé ìtumọ̀ atọ́ka òdì ti ṣeé fọwọ́ bà jù ni yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ka kòkòrò àìfojúrí inú wàrà. Wàrà tó ti ń bàjẹ́ ní kòkòrò tó pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ, nítorí náà wọ́n á là á. Wọ́n á to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà sílẹ̀, omi mílílítà 9 tí kò ní kòkòrò nínú á wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fa mílílítà 1 wàrà sínú ìgò àkọ́kọ́, wọ́n á pò ó; ó ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọ́n á sì kọ 10⁻¹ sí i lára. Wọ́n á fa mílílítà 1 láti inú rẹ̀ sínú ìgò kejì: 10⁻². Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é títí dé ìgò kẹfà tí wọ́n kọ 10⁻⁶ sí. Àmì ìyọkúrò tó wà lára ìgò náà kò sọ pé kò sí wàrà níbẹ̀, kò sì sọ pé ìgò náà jẹ wàrà. Ó ń sọ pé ìgbà mẹ́fà ni a fi mẹ́wàá pín in. Wọ́n á wá da mílílítà 1 láti inú ìgò kẹfà sórí àwo oúnjẹ kòkòrò, wọ́n á fi í síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká ní àmì 50 ló hù jáde lórí àwo náà. Láti mọ iye tó wà nínú mílílítà kan wàrà gan-an, wọ́n á fi 10⁻⁶ pín 50, èyí tó túmọ̀ sí pé kí a fi 10⁶ sọ 50 di púpọ̀: 50,000,000. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gùn ún padà ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo ń dà ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí síta tàbí kí ó dojú dé. Ọ̀nà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ jẹ́ 2⁸, ìyẹn 256, iye odù Ifá nìyẹn láìlé láìdín. Bí ìhà méjèèjì ojú kọ̀ọ̀kan bá ní àǹfààní kan náà láti yọ, àǹfààní pé odù kan pàtó yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ jẹ́ 2⁻⁸, ìdá kan nínú 256. 2⁸ sọ iye ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. 2⁻⁸ sọ ìpín tó kan ọ̀nà kan.

Ó ku àtakò kan tó gbọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé: “Ẹ ní atọ́ka òdì kì í sọ nọ́ńbà di òdì, kí ló dé tí (−2)⁻³ fi jẹ́ −1/8?” Ìdáhùn ni pé ìpìlẹ̀ ló mú òdì wá, kì í ṣe atọ́ka. (−2)³ fúnra rẹ̀ jẹ́ −8, láìsí atọ́ka òdì kankan. Atọ́ka òdì kàn yí i lórí kodò ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé (−2)⁻² jẹ́ 1/4, tí kò ní òdì rárá, nítorí pé (−2)² jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ −2⁻² láìfi àmì ìdè yí 2 ká, −1/4 ni, nítorí pé 2 nìkan ni atọ́ka náà mọ̀; àmì tó wà níwájú dúró gedegbe. Lọ́nà kan náà, 3x⁻² jẹ́ 3/x². 3 kò kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí pé x nìkan ni atọ́ka jókòó lé léjìká. Ẹ má sì gbà pé atọ́ka òdì máa ń sọ nǹkan di kékeré nígbà gbogbo. (1/2)⁻³ jẹ́ 8, nítorí pé ẹni tó bá tú ìdajì palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti ṣe ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. (2/3)⁻² jẹ́ 9/4. 1/5⁻² jẹ́ 25. Òdo nìkan ni kò gba atọ́ka òdì, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè fi òdo pín 1.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ má fi “ẹ yí i padà sí ìsàlẹ̀” bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ àkàbà sílẹ̀ ná, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí 16, 8, 4 àti 2, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn títí atọ́ka yóò fi kọjá òdo. Ẹni tó ti rìn ín kò ní gbàgbé ọ̀nà. Ìwọ òǹkàwé tó sì ń múra ìdánwò, o kò nílò ẹni tí yóò sọ fún ọ bóyá o gbà á. Nígbàkígbà tí o bá ti dáhùn atọ́ka òdì, fi ìdáhùn rẹ sọ èyí tó ní atọ́ka rere di púpọ̀. −6 × 8 jẹ́ −48. −8 × 8 jẹ́ −64. 1/8 × 8 jẹ́ 1. Bí kò bá ti jẹ́ 1, padà síbi iṣẹ́ rẹ.